Ọjọ́ Tí A Kò Sọ Ẹrù Níwájú Kóòtù

Ìgbà tí akọ́dà kóòtù tẹ imú bọ ẹnu garawa olórí wa ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé orí sókè, ó wo òrùlé kóòtù tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò, ó sì tún tẹ imú bọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ewé gbẹ, ilẹ̀ gbẹ, ètè gbogbo wa sì ń sán. "Epo òyìnbó nìyí," ni ó wí. Kò pariwo. Bí ó bá pariwo ni, ẹ̀rù ìbá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Orí pèpéle kóòtù ni akọ́dà náà dúró sí, àwa ń kọjá lọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí, ìdí nìyẹn tí ẹnu garawa fi bá imú rẹ̀ dọ́gba. Lọ́dọọdún ni ó máa ń dúró síbẹ̀ láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú, ó wo ìlà wa àti àwọn àyè tó ṣófo láàárín rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ológun wọ̀nyí, ìlà yín mà ti káyín." Ìyàwó olórí wa wà lẹ́yìn wa nígbà náà, ó dá a lóhùn pé, "Eegun ìjọba ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi káyín. Ẹ bá wa bi ìjọba bóyá ẹran kù lára rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, akọ́dà náà sì rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí a jẹ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ Ìwó ni wá, a sì wà lára àwọn tí ìjọba kó lọ sí ogun Jámánì ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀. A kì í ṣe sójà. Aláàárù ni wá, ọkùnrin tí mo ń pè ní olórí wa ló sì ń darí wa. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà lẹ́yìn ìlú wa ni a ti wọkọ̀ dé Èkó, láti Èkó ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi, a sì wà lórí omi títí tí àwọn kan nínú wa fi gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe ń rí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí a máa ru epo bẹntiróò láti etí ọ̀nà irin lọ sí pápá tí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ìjọba ń bà sí nínú igbó.

Títí di òní, àwọn kan wà ní Ìwó tí wọn kò gbà pé a rí ọkọ̀ òfúrufú. N kì í bá wọn jiyàn. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí ojú abẹ́rẹ́ lára ìyẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí télọ̀ rán agbádá. Àwọn òyìnbó tó ń fò nínú rẹ̀ kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, wọn kì í sì í fò bí kò bá sí epo. Orí wa ni epo náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá gbéra, tí ó kọjá lókè wa, olórí wa a máa sọ pé, "Ẹ wò ó, orí yín ló ń fò yẹn."

Ohun tó pa wá jù níbẹ̀ kì í ṣe ìbọn. Òùngbẹ ni. Garawa kún lórí wa, ohun inú rẹ̀ ń dún gbàlà-gbàlà ní etí wa bí omi odò, ṣùgbọ́n kò ṣeé mu. Àwọn kan mu ún. A sin wọ́n sí ẹ̀bá ọ̀nà, a sì gbé ẹrù tiwọn pín láàárín ara wa. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Nígbà tí àwa tó kù padà dé, olórí wa ló dábàá pé ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dún tí a ó máa rántí àwọn tí a fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni, kò mọ̀wé, ó sì ju púpọ̀ nínú wa lọ ní ọjọ́ orí. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó lọ sí odò Àíbà ní òwúrọ̀, a ó pọn omi kún garawa, a ó sì tò bí a ṣe ń tò lójú ogun. Ibi tí ẹni tó kú máa ń wà nínú ìlà, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. A ó gba iwájú ààfin kọjá, a ó gba ọjà, a ó gba iwájú kóòtù, títí dé agbo ilé olórí wa. Níbẹ̀ ni a ó ti sọ ẹrù, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń kọjá lọ yóò mu nínú omi wa kí ó tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Ìmàle mu ún, onígbàgbọ́ mu ún, àwọn tó wá ná ọjà láti Kuta àti Ilé-Ogbó mu ún. Lẹ́yìn náà ni àáfà yóò ṣe àdúà, tí ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbàdúrà tirẹ̀, àwọn ìyàwó wa yóò sì gbé àkàrà, ẹ̀kọ àti wáínà àgbàdo díndín jáde. Ohun tí a ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó olórí wa ń ta epo òyìnbó ní ọjà, epo tí a fi ń tan àtùpà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo garawa wa ti wá. Bí epo bá tán nínú garawa, yóò fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, yóò sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, yóò tún fọ̀ ọ́. Lọ́dún náà, garawa olórí wa ti dógùn-ún débi pé ìdí rẹ̀ lu. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ni epo ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nínú rẹ̀. Ìyàwó náà fọ̀ ọ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n òórùn kò lọ.

Ẹni tó bá mọ bí ìlú ṣe rí nígbà náà yóò mọ ìdí tí akọ́dà fi wo òrùlé. Owó orí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. A ti gbọ́ pé ní àwọn ìlú kan, àwọn ènìyàn dáná sun ilé kóòtù. Ní Ìwó pẹ̀lú, ìkùnsínú wà. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀ sì wà nínú kóòtù lọ́jọ́ náà, ó wá láti Ìbàdàn láti gbọ́ ẹjọ́, àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ sì jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìbọn. Kí ẹnikẹ́ni fi ojú inú wò ó: àwọn ọkùnrin tó ti ogun dé, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ru garawa tó ń rùn bí epo, wọ́n ń bọ̀ níwájú ilé tí wọ́n fi koríko bò, nínú ọyẹ́.

Akọ́dà pe ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n gbé garawa kúrò lórí olórí wa, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì mú un ní apá lọ sí àtìmọ́lé tó wà lẹ́yìn kóòtù. Olórí wa kò jà. Ó bojú wẹ̀yìn wò wá lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan.

Nítorí pé kò sọ nǹkan kan, a dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ẹni tí kò bá ṣe aláàárù rí yóò rò pé agídí ni. Garawa tó kún, ẹnìkan kò lè dá a gbé ru ara rẹ̀. Lójú ogun, bí ẹnìkan bá dá sọ̀ kí ó lè sinmi, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró láti gbé e rù ú, ìlà á já, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì sọnù sínú igbó. Àwọn tó jókòó ní tiwọn nìkan, púpọ̀ wọn kò dìde mọ́. Olórí wa fi òfin kan lélẹ̀: ohùn òun nìkan ni a ó fi sọ̀, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ní méjì-méjì, kí ọ̀kan sọ èkejì. Òfin yìí ló mú wa wálé. Kò sí ẹni tó rú u rí, ní ibẹ̀ tàbí ní Ìwó.

Ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ jáde sí wa. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ìlú mìíràn ló ti wá.

Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ ní kí ẹ sọ ẹrù yín."

A kò mira.

"Ṣé ẹ dití ni?"

Bàbá tó máa ń tẹ̀lé olórí wa nínú ìlà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbádùn, ló dáhùn. "A gbọ́, ọ̀gá. Ẹ dákun, ẹ bá wa pe olórí wa."

"Olórí yín wà ní àtìmọ́lé."

"A rí i nígbà tó ń lọ. A ó dúró dè é."

"Bàbá, ìbọn wà lọ́hùn-ún."

"A rí ìyẹn náà. Ẹ kú àánú wa."

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà kọjá bí mo ṣe lè kọ ọ́. Omi ń ta sórí ọrùn mi láti ẹnu garawa, n kò mọ èyí tó jẹ́ omi àti èyí tó jẹ́ òógùn. Mo ti ka ìwé díẹ̀ ní ilé ìwé àwọn oníhìnrere, mo gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀, mo sì gbọ́ nígbà tí ajẹ́lẹ̀ ké sí àwọn ọlọ́pàá láti inú kóòtù pé kí wọ́n dìde. Àwọn tó kù kò gbọ́ ọ, n kò sì sọ fún wọn. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó wà níwájú mi. Iṣan ibẹ̀ le gírígírí, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Mo sọ fún ara mi pé bí ọrùn yẹn kò bá tíì gbọ̀n, tèmi náà kò ní gbọ̀n. Bí mo ṣe gba ìdúró náà já nìyẹn.

Ariwo ti dé agbo ilé. Àwọn obìnrin tó ń dúró dè wá pẹ̀lú igbá omi bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ìyàwó olórí wa ló ṣáájú wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ajẹ́lẹ̀ tó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó dìde, ó kọjú sí akọ́dà.

"Wọ́n ní ẹ ní epo ni."

"Imú mi kì í purọ́."

"Imú yín kò purọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ni garawa náà ti wá, epo ló sì wà nínú rẹ̀ títí di àná. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí ni mo ń bèèrè."

Akọ́dà ní, "Kò le. Kí a ṣáná sí i, a ó mọ̀."

"Ó dára. Ẹ gbé e bọ́ sábẹ́ bẹẹrẹ yẹn, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ ṣáná sí i."

Àwọn èrò tó ti pé jọ rẹ́rìn-ín. Akọ́dà wo òrùlé lókè. Ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa ọkọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó fi igbá bù ú kún, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún tán láìsinmi. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀.

"Ó ń rùn," ni ó wí. "N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n omi ni."

Ó tún bu òmíràn, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí akọ́dà. "Ẹ tọ́ ọ wò." Akọ́dà ní òun ti gbà á gbọ́.

Ajẹ́lẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle. Ó ti ọwọ́ bọ inú garawa, ó gbọ́n ọn sílẹ̀, ó wo bí ilẹ̀ ṣe fà á mu. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí wa, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ògbufọ̀ sì tú u báyìí: "Ajẹ́lẹ̀ ní òun ti rí i pé omi ni. Ó ní kí ló wá dé tí ẹ kò sọ̀ nígbà tí òun ní kí ẹ sọ̀? Ó ní àwọn ènìyàn tó ń gbọ́ ti ẹnìkan ju ti ìjọba lọ, wọ́n léwu ju epo lọ."

Mo rò ó lábẹ́ ẹrù mi. Bóyá òtítọ́ ni.

Ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n mú olórí wa jáde kí ó wá sọ̀ wá. Ó jáde, kò ní fìlà lórí mọ́. Ó dúró, ó wo ìlà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, àtàwọn tó wà níbẹ̀ àtàwọn àyè tó ṣófo.

"Ẹ kú ìdúró," ni ó wí.

Bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbádùn dáhùn láti abẹ́ ẹrù rẹ̀, "Ẹ̀yin náà, ẹ kú ìjókòó."

Àní, àwọn ọlọ́pàá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ ní, "Ó tó. Sọ ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ, kí wọ́n sọ̀."

Olórí wa kò sọ ọ́. Ó lọ bá garawa rẹ̀ nílẹ̀, ó ká òṣùká rẹ̀ dáadáa, ó fi òṣùká náà lé orí, ó wá wo akọ́dà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí."

Akọ́dà wo ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bi ògbufọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ògbufọ̀ bi olórí wa.

Olórí wa ní, "N kì í pè wọ́n láti sọ̀ nígbà tí orí tèmi bá ṣófo."

Òtítọ́ lèyí. Lójú ogun, wọn kò ní kí àwọn olórí aláàárù ru ẹrù. Ọ̀pá ni púpọ̀ nínú wọn ń mú lọ́wọ́. Tiwa ń ru garawa bíi tiwa, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní ẹni tí kò bá ru nǹkan kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn sinmi. Mo ti rí àwọn ọ̀gá púpọ̀ láti ìgbà náà, dúdú àti funfun. N kò tíì rí irú rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ mi orí sí akọ́dà. Akọ́dà bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa tó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e ru olórí wa, omi sì dà sí i láyà. Olórí wa rìn lọ sí ipò rẹ̀ níwájú ìlà. Ó kọjú síwájú, ó pè wá bí ó ti ń pè wá nínú igbó, ohùn kan tó gùn: "Ẹ sọ̀!"

A sọ̀ ní méjì-méjì. Ọrùn mi dà bí ohun tí kì í ṣe tèmi. Nígbà tí ẹrù gbogbo wa délẹ̀ tán, òun nìkan ló kù tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Nígbà náà ni méjì nínú wa lọ sọ̀ ọ́.

Ajẹ́lẹ̀ sún mọ́ olórí wa. Ó bèèrè ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Olórí wa ní, "Ọ̀nà ni."

Wọn kò tì í mọ́lé mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dá a sílẹ̀ pátápátá. Ajẹ́lẹ̀ ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn. Títí èsì yóò fi dé, a kò gbọ́dọ̀ tò kiri ìlú mọ́. Olórí wa gbọ́dọ̀ máa wá fi ojú hàn ní kóòtù ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kò sì gbọ́dọ̀ sun ìta ìlú. Bí inú Ìbàdàn kò bá dùn sí i, ẹ̀wọ̀n ni, fún un àti fún àwọn tó tẹ̀lé e.

Ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni oko rẹ̀ wà, oko tí ènìyàn ń sùn sí ni. Ẹni tí kò lè sun oko kò lè ṣe oko bẹ́ẹ̀. Koríko gba ebè rẹ̀ lọ́dún náà. A ń lọ bá a ro díẹ̀-díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àlejò kò dà bí ọwọ́ olóko. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń rí i tó ń kọjá níwájú ilé mi lọ sí kóòtù, nínú ẹ̀wù kan náà tí wọ́n fọ̀ mọ́. N kò gbọ́ kí ó ráhùn. Bí mo bá kí i, á ní, "Mo ń lọ jẹ́ kí wọ́n rí mi." Èmi tí a kò mú, n kì í sùn dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn mi lójijì, mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọyẹ́ mìíràn dé, a kò lọ sí Àíbà.

Nínú ọyẹ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí kóòtù. Mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, nítorí mo ti gbọ́ pé òtútù ẹ̀wọ̀n le, mo sì sọ ohun tó yẹ fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé àwọn ẹlòmíràn náà sanra ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ.

Ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì tú u. Ó ní Ìbàdàn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ wa. A lè máa tò bí a ti ń tò, kí a ṣáà ti sọ fún kóòtù ṣáájú. Ó ní olórí wa kò ní wá fi ojú hàn mọ́ láti òní lọ.

Olórí wa dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku nù. "Ṣé mo lè lọ sí oko?"

"Lọ."

"Kí n sùn níbẹ̀?"

Ògbufọ̀ kò tilẹ̀ bi ajẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ sùn níbi tó bá wù yín."

Kò bá wa jókòó. Ó yà sílé, ó mú àdá àti ọkọ́, ó kó èlùbọ́ díẹ̀ sínú àpò. A tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn ilé. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jẹun ná, ó ní òun yóò jẹun ní oko. Ó ti dé ibi tí ọ̀nà Olúpọ̀nnà ti yà nígbà tí ìyàwó náà ké sí i.

"Ìgbà wo ni kí a máa retí yín?"

Fún ọdún kan gbáko, kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó dáadáa, ó yíjú sí wa.

"N kò tíì mọ̀," ni ó wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.